Ó ń kàwé lálaalẹ́, síbẹ̀ kì í rántí nígbà ìdánwò: kí ni ká ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi ọkùnrin ló gbé mi wá. Ọmọ ọdún 14 ni, ó wà nílé ẹ̀kọ́ girama. Kì í ṣe ọ̀lẹ rárá. Bó bá ti jẹun alẹ́ tán, ìdí ìwé ló máa ń wà títí agogo 11. Á ka nóòtì rẹ̀ ní àkàtúnkà, á fi bírò aláwọ̀ ìyeyè kun ibi tó ṣe pàtàkì. Bí mo bá bi í, á ní òun ti mọ̀ ọ́n. Àmọ́ bí èsì ìdánwò bá dé, ojú á tì wá. Ó ní bí òun bá ti rí ìbéèrè báyìí, gbogbo ẹ̀ á fò lọ lórí òun. Ti iṣẹ́ àṣetiléwá tún wá burú jù. Ó máa ń gbàgbé èyí tí wọ́n ní kó ṣe, èyí tó bá sì ṣe, ó lè wà nínú àpò ìwé rẹ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan kí olùkọ́ má rí i. Iṣẹ́ ńlá tí wọ́n fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti fi ṣe, alẹ́ tí wọ́n máa gbà á ní ọjọ́ kejì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àbúrò bàbá rẹ̀ ní kí n máa jí i ní agogo 4 ìdájí. Olùkọ́ tó ń wá kọ́ ọ nílé ní ọmọ tó ń fi ojú kẹ́kọ̀ọ́ ni, pé àwòrán nìkan ló yẹ ká máa fi kọ́ ọ. Èmi fúnra mi ò mọ ìṣirò wọn, n ò sì mọ bí mo ṣe lè ràn án lọ́wọ́.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ohun tí ẹ ṣàlàyé yìí kì í ṣe àìlọ́pọlọ, kì í sì í ṣe ìmẹ́lẹ́, bí ẹ ṣe sọ gan-an. Ọmọ tó lè jókòó ti ìwé títí agogo 11 ti ní ìfaradà, ìyẹn ló sì ṣòro jù lọ láti fún ọmọ. Ibi tó ń ná an sí ni kò dáa.

Ìṣòro méjì lẹ kọ ránṣẹ́, àmọ́ lójú tèmi ọ̀kan ṣoṣo ni. Ohun tó yẹ kó wà lórí ló ń fi sílẹ̀ sínú ìwé. Ohun tó yẹ kó wà nínú ìwé ló ń gbé sórí. Nóòtì tó yẹ kó lè sọ láìwo ohunkóhun, ojú lásán ló fi ń gba orí rẹ̀ kọjá. Iṣẹ́ tí olùkọ́ pè, tó yẹ kó kọ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, òun ló ní òun á fi orí rántí. Ẹ jẹ́ ká mú ti ìwé kíkà ṣáájú, nítorí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ pọ̀ sí.

Béèyàn bá ka ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ á ṣì ṣàjèjì. Tó bá kà á lẹ́ẹ̀kejì, á ti máa mọ́ ọn lára. Lẹ́ẹ̀kẹta, á máa yọ̀ geere lẹ́nu rẹ̀. Geere yẹn ló ń tan ọmọ jẹ. Bí kíkà ṣe wá rọrùn yìí, ó rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni rírántí ṣe máa rọrùn. Ṣùgbọ́n kéèyàn dá ọ̀rọ̀ mọ̀ nígbà tó bá rí i yàtọ̀ pátápátá sí kó mú un jáde nígbà tí kò sí níwájú rẹ̀. Gbogbo wa la ti pàdé ẹni tí ojú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa, tí a wá ń wá orúkọ rẹ̀ tì. Orúkọ ni ìdánwò ń béèrè.

Nítorí náà, nígbà tọ́mọ yín bá ní òun ti mọ̀ ọ́n, kò parọ́ fún yín. Ó mọ̀ ọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Lọ́dún 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní àyọkà kúkúrú. Wọ́n fún àwọn kan láàyè ẹ̀ẹ̀mẹrin láti kà á. Wọ́n fún àwọn mìíràn láàyè ẹ̀ẹ̀kan péré. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ àwọn kejì yìí, wọ́n sì ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá rántí, ẹ̀ẹ̀mẹta. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó ń kà á ní àkàtúnkà ló borí: wọ́n rántí ìdá 83 nínú 100, àwọn kejì rántí 71. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ yí padà. Ìdá 40 péré ló kù lórí àwọn tó kà á léraléra. 61 ló ṣì wà lórí àwọn tó ń fi tipá rántí.

Ẹ wo ohun tó wà nínú ìyẹn dáadáa. Bí ẹ bá dán ọmọ yín wò nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ìwé dé, á dà bíi pé ọ̀nà tó ń gbà kàwé ló dáa jù láyé. Ilé ẹ̀kọ́ kì í sì í ṣèdánwò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5. Èyí tó tiẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín jù níbẹ̀ ni pé nígbà tí wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà sọ bí àwọn ṣe máa rántí tó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn tó ka ìwé léraléra ni ọkàn wọn balẹ̀ jù. Àwọn gan-an ló sì gbàgbé jù.

Bírò aláwọ̀ ìyeyè ńkọ́? Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀, mi ò sì ní fi bò. Ó máa ń jẹ́ kí ọmọ rò pé òun ti ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ nìkan ló ṣiṣẹ́. Lọ́dún 2013, John Dunlosky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá yẹ̀ wò, wọ́n sì to àwọn ìwádìí tó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jọ. Kíkun ọ̀rọ̀ ní àwọ̀ àti àkàtúnkà wà lára àwọn tí wọ́n ní èrè wọn kéré. Méjì ni wọ́n gbé sókè ju gbogbo wọn lọ: kéèyàn máa dán ara rẹ̀ wò, àti kó máa pín ìwé kíkà sí ọjọ́ tó jìnnà síra.

Bó ṣe yẹ kó máa ṣe é nìyí. Kó ka ìpín kan, kì í ṣe odindi orí ìwé, ìpín tó lè parí láàárín bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kó pa ìwé náà dé. Kó mú pépà òfìfo, kó kọ ohun tó bá rántí bó ṣe bá wá: gbólóhùn, ọ̀rọ̀ ẹyọ kan, àwòrán, ọfà. Ká ní bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gba inú ọkàn kọjá ló kà. Kó ya yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó fi ọfà tọ́ka ibi tí ẹ̀jẹ̀ gbà wọlé láti ara, ibi tó gbà lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ibi tó gbà padà wá, àti ibi tó gbà jáde lọ sí gbogbo ara. Á há sí ibì kan, ìyẹn dájú. Kó má tíì ṣí ìwé. Kó bá a jìjàkadì fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, torí ìjàkadì yẹn gan-an ni ìkẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni kó wá ṣí ìwé, kó fi bírò pupa kọ ohun tó fò àti ohun tó ṣì. Ohun tó bá fi pupa kọ ni kó tún kà, kì í ṣe gbogbo ẹ̀. Ṣé ẹ rí i pé ìwé tó máa kà ti dín kù? Àkókò tí ọmọ ń fi ka ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pọ̀ gan-an, bí ẹ bá lè rí i ẹ máa ṣàánú rẹ̀.

Yàtọ̀ sí pépà òfìfo, nóòtì rẹ̀ fúnra rẹ̀ lè máa bi í ní ìbéèrè. Walter Pauk tó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Cornell ló mú kí ọ̀nà yìí gbayì láti nǹkan bí ọdún 1950 sókè. A máa fa ìlà kan sí ojú ìwé láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí apá ọ̀tún fẹ̀, kí apá òsì há. Ọ̀tún ni nóòtì kíláàsì ń lọ. Òsì á wà lófìfo títí dìrọ̀lẹ́, nígbà tí ọmọ máa wá kọ ìbéèrè síbẹ̀, ìbéèrè tí ohun tó wà lápá ọ̀tún jẹ́ ìdáhùn fún. Kó má jẹ́ "kí ni" nìkan ló máa bi ara rẹ̀. "Kí ló fà á?" àti "báwo ló ṣe ń ṣẹlẹ̀?" ló máa ń mú kí ọ̀rọ̀ so mọ́ra wọn lórí. Ẹni tó kọ́ pé ewé igi jẹ́ àwọ̀ ewé lè gbàgbé. Ẹni tó bi ara rẹ̀ pé kí nìdí tí kò fi jẹ́ dúdú, tó sì wádìí rẹ̀, kì í sábà gbàgbé.

Ibi tí ẹ̀yin ti máa ràn án lọ́wọ́ dé nìyí, ẹ ò sì nílò láti mọ ìṣirò kankan. Ẹ gba nóòtì lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ fọwọ́ bo apá ọ̀tún, ẹ ka ìbéèrè apá òsì sí i létí. Kó dáhùn lẹ́nu. Ẹ ṣí ọwọ́, kẹ́ ẹ jọ wò ó. Tó bá gbà á, ẹ ní kó ṣàlàyé rẹ̀ fún yín bí ẹni tí kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí, nítorí bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe rí. Bí àlàyé rẹ̀ bá lọ́jú pọ̀ tí ẹ ò rí ìdí rẹ̀, ẹ má ṣe rò pé ẹ̀yin lẹ ò lóye. Ó ṣeé ṣe kó má tíì yé òun náà. Ohun kan ni mo bẹ̀ yín: ẹ má fi àṣìṣe ibẹ̀ bá a wí. Ọjọ́ tí ìbéèrè yín bá ti di ẹjọ́, á padà sídìí bírò ìyeyè rẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè mọ ohun tí kò mọ̀.

Ó kan ọ̀rọ̀ ọjọ́. Hermann Ebbinghaus, ọmọ Jámánì kan tó tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde lọ́dún 1885, fi orí ara rẹ̀ ṣe ìdánwò: ó há ègé ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ sórí, ó sì ń wò ó bí wọ́n ṣe ń lọ. Ó rí i pé ìgbàgbé máa ń yára gidigidi láàárín wákàtí mélòó kan àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ni yóò wá máa falẹ̀. Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún ọmọ yín ni pé wákàtí mẹ́ta tó fi jókòó ti bàọ́lọ́jì lálẹ́ ọjọ́ kan kò lè tó wákàtí kan kan ní ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun tó bá kọ́ ní kíláàsì lónìí, kó fi ìṣẹ́jú díẹ̀ rántí rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Kó tún padà sí i lẹ́yìn ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kó tó wá kan ìgbà tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀. Bí ìdánwò bá ṣe jìnnà tó ló ṣe yẹ kí àlàfo náà fẹ̀ tó. Nígbàkígbà tó bá sì padà, pépà òfìfo ni kó kọ́kọ́ mú, kì í ṣe ìwé. Á ti gbàgbé díẹ̀, á sì máa dùn ún. Ó yẹ kó gbàgbé díẹ̀. Ohun tí kò tíì lọ kò ṣeé mú padà.

Fún ohun wẹ́wẹ́ bí ọ̀rọ̀ èdè àjèjì, ọdún ìtàn àti fọ́múlà, káàdì ló dáa jù. Kó kọ ìbéèrè síwájú, ìdáhùn sẹ́yìn. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Sebastian Leitner ló gbé àpótí onípele kalẹ̀ fún un lọ́dún 1972. Ìpele mẹ́ta ti tó fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́: ti àkọ́kọ́ ojoojúmọ́, ti kejì ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ti kẹta ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Káàdì tó bá gbà bọ́ sí ìpele tó kàn. Èyí tó bá ṣì padà sí àkọ́kọ́, ì báà ti dé ẹ̀kẹta.

Ìṣirò ní ọ̀nà tirẹ̀. Ìwé ìṣirò sábà máa ń kó ìbéèrè irú kan náà jọ sójú kan: ogún ìbéèrè lórí ohun kan ṣoṣo. Bí ọmọ bá ti ṣe mẹ́ta àkọ́kọ́, kò ronú mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ohun tó kàn. Nínú ìdánwò, kò sẹ́ni tó máa sọ fún un pé ìbéèrè yìí, irú báyìí ni. Doug Rohrer àti Kelli Taylor dán èyí wò, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2007. Wọ́n kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì bí wọ́n ṣe ń ṣírò ìwọ̀n inú oríṣi ohun mẹ́rin tí ìrísí wọn ṣàjèjì. Àwọn kan ṣe irú kan tán kí wọ́n tó bọ́ sí òmíràn. Wọ́n da ti àwọn tó kù pọ̀ mọ́ra. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ lọ́wọ́, àwọn tí kò da tiwọn pọ̀ gba ìdá 89 nínú 100, àwọn tó dà á pọ̀ gba 60. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, 20 péré ni àwọn àkọ́kọ́ gbà; àwọn kejì gba 63. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá ti lóye irú ìbéèrè kan, kó má ṣe ogún rẹ̀. Kó ṣe mẹ́rin, kó wá mú méjì láti inú ohun tí wọ́n kọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, àti ọ̀kan láti inú ti oṣù tó kọjá. Tó bá sì ń wo àpẹẹrẹ tí olùkọ́ ti ṣe parí, kó fi pépà bo ìlà tó kàn, kó sọ ohun tó rò pé ó máa wà níbẹ̀ kó tó sún pépà wálẹ̀.

Ó yá, ti iṣẹ́ àṣetiléwá. Ibi tí iṣẹ́ ti ń sọ nù kì í sábà jẹ́ ilé. Kíláàsì ni, ní ìṣẹ́jú méjì tó gbẹ̀yìn, nígbà tí gbogbo wọn ti ń palẹ̀ ìwé mọ́, tí olùkọ́ ń sọ pé kí wọ́n ṣe ìbéèrè 4 sí 9 lójú ìwé 62. Ọmọ gbọ́. Ó tiẹ̀ dáhùn pẹ̀lú àwọn tó kù. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà, ọ̀rọ̀ mìíràn ti gba ipò rẹ̀.

Ẹ wá ìwé kékeré kan fún un, èyí tó lè wọ àpò ṣòkòtò. Ọ̀kan ṣoṣo fún gbogbo ẹ̀kọ́. Kì í ṣe ẹ̀yìn nóòtì kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́, kì í sì í ṣe fóònù, torí ẹni tó bá ṣí fóònù láti kọ iṣẹ́ sílẹ̀ á bá ọgọ́rùn-ún nǹkan mìíràn pàdé níbẹ̀. Nǹkan mẹ́rin ni kó máa kọ: ẹ̀kọ́ wo, kí ni gan-an, ọjọ́ wo ni wọ́n máa gbà á, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ gbà á. Orí "kí ni gan-an" yìí ni kẹ́ ẹ ti mú un le. "Ìṣirò" kì í ṣe àkọsílẹ̀. "Ojú ìwé 62, ìbéèrè 4 sí 9, kó fi ọ̀nà tó gbà ṣe é hàn" ni àkọsílẹ̀. Ní ọjọ́ tí olùkọ́ kan kò bá sì fún wọn níṣẹ́, kó kọ "kò sí" síwájú ẹ̀kọ́ náà. Ó dà bí ohun tí kò tó nǹkan, àmọ́ òun ni kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ máa bi ara yín nírọ̀lẹ́ bóyá wọn ò fún un ní iṣẹ́ ni tàbí ó gbàgbé láti kọ ọ́.

Ibi kejì tí iṣẹ́ ti ń sọ nù ni àárín tábìlì àti ọwọ́ olùkọ́. Èyí tí ẹ ní ó wà nínú àpò fún ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn. Ọmọ ti ṣe é, ó ti kúrò lọ́kàn rẹ̀, ó kà á sí ohun tó ti parí. Ẹ jẹ́ kó di òfin nílé yín pé iṣẹ́ ò tíì parí títí tó fi wọ fáìlì, tí fáìlì fi wọ àpò. Fáìlì kan náà ni, ó ní apá méjì: òsì fún ohun tó fẹ́ ṣe, ọ̀tún fún ohun tó fẹ́ fi sílẹ̀ lọ́wọ́ olùkọ́. Alẹ́ ni àpò gbọ́dọ̀ ti wà ní dídì, kì í ṣe òwúrọ̀. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ jọ tú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ jọ to ó padà. Bí ẹ bá bá iṣẹ́ tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá níbẹ̀, kó mú un lọ fún olùkọ́ bó ti wù kó pẹ́ tó.

Nígbà tó bá wá jókòó láti ṣe iṣẹ́ náà, mo fẹ́ kó gbìyànjú ohun kan tí ọ̀pọ̀ ọmọ kì í ṣe. Wọ́n máa ń ṣí nóòtì sí ẹ̀gbẹ́ ìbéèrè, wọ́n á máa wò ó kọ. Iṣẹ́ á parí, máàkì á pé, kò ní sí nǹkan kan tó wọlé. Kó kọ́kọ́ gbìyànjú gbogbo ìbéèrè pẹ̀lú ìwé ní pípadé. Kó fi àmì sí èyí tí kò mọ̀. Lẹ́yìn náà ni kó ṣí nóòtì láti fi tún un ṣe. Iṣẹ́ àṣetiléwá ti di ìdánwò àṣewò nìyẹn, ohun tó ń ṣe ní agogo 9 sí 11 lálẹ́ ti wọ inú rẹ̀ lápá kan, kò sì ní láti pẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Iṣẹ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta: kì í ṣe ọmọ yín nìkan. Roger Buehler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà tẹ ìwádìí kan jáde ní 1994. Wọ́n bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá wọn pé ọjọ́ mélòó ló máa gbà. Tí a bá pín ìdáhùn wọn dọ́gba, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ní nǹkan bí ọjọ́ 34. Àwọn tó ń ṣèwádìí ní tí gbogbo nǹkan bá wá burú tó bó ṣe lè burú ńkọ́? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní bí 49. Nǹkan bí ọjọ́ 55 ló gbà wọ́n. Àwọn àgbà nìyẹn o. Ẹ ò lè retí pé kí ọmọ ọdún 14 fojú díwọ̀n rẹ̀ kó bá a mu.

Ohun tó máa ràn án lọ́wọ́ ni kó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Kó kọ ọjọ́ tí wọ́n máa gbà á sílẹ̀, kó yọ ọjọ́ méjì kúrò níwájú rẹ̀ fún ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀, kó wá máa bọ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀ títí dé òní. Ìpín kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó ṣeé parí ní ìjókòó kan. "Ṣe iṣẹ́ lórí odò" kò ṣeé ṣe, ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. "Wá ìwé méjì tó sọ nípa odò, kọ ojú ìwé tó wúlò sílẹ̀" ṣeé ṣe. Kó wá kọ ìpín kọ̀ọ̀kan sínú ìwé kékeré náà sí ọjọ́ tirẹ̀, bíi pé olùkọ́ ló fún un. Kó má sì fi í sí "nígbà tí mo bá ráyè". Peter Gollwitzer, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá tó ti ń ṣèwádìí lórí èyí tipẹ́, rí i pé ẹni tó ti so ohun tó fẹ́ ṣe mọ́ àkókò àti ibì kan pàtó sábà máa ń ṣe é ju ẹni tó kàn pinnu lọ́kàn lọ. "Bí mo bá ti ti ilé ìwé dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tí mo pààrọ̀ aṣọ, ìdí tábìlì ni màá lọ, màá kọ ìpínrọ̀ àkọ́kọ́." Gbólóhùn bí irú èyí ti tó. Ẹ má lo odindi ọjọ́ Àbámẹ́ta láti fi ya àtẹ aláwọ̀ mèremère sára ògiri. Mo ti rí àtẹ tó lẹ́wà púpọ̀ tí ẹni tó yà á kò tẹ̀ lé rí.

Àwọn tó kù ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kó kọ́kọ́ ṣe èyí tó le, nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì dá. Ìṣẹ́jú 25 iṣẹ́, ìṣẹ́jú 5 ìsinmi, bí Francesco Cirillo ọmọ Ítálì ṣe fi aago kékeré kọ́ ara rẹ̀ nígbà tó wà ní akẹ́kọ̀ọ́, máa ń ran ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́ láti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe òfin. Tí iṣẹ́ bá ti wọ̀ ọ́ lára, kó máa bá a lọ. Kí fóònù wà ní yàrá mìíràn. Dídojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí tábìlì kò tó.

Ẹ bá mi kí àbúrò bàbá rẹ̀, àmọ́ n kò fara mọ́ ti agogo 4. Ọmọ tó sùn ní agogo 11 tó jí ní agogo 4, wákàtí 5 ló sùn. American Academy of Sleep Medicine, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oorun ní Amẹ́ríkà, sọ ní 2016 pé wákàtí 8 sí 10 ló yẹ kí ọmọ ọdún 13 sí 18 máa sùn. Ojú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tó kọ́ lójúmọ́ sí àyè rẹ̀. Ẹni tó gba oorun lọ́wọ́ ọmọ torí kó lè kàwé ń fọwọ́ kan kó o jọ, ó ń fi èkejì dà á nù.

Ti olùkọ́ tó ní ojú ló fi ń kẹ́kọ̀ọ́, mo mọ̀ pé inú rere ló fi sọ ọ́, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló sì gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Harold Pashler àti àwọn mẹ́ta mìíràn yẹ ìwádìí tó wà nílẹ̀ wò ní 2008, wọn ò rí ẹ̀rí tó múná dóko pé kíkọ́ ọmọ ní ọ̀nà tó bá "irú" rẹ̀ mu ń mú un ṣe dáadáa sí i. Àwòrán ọkàn wúlò fún gbogbo ọmọ nítorí pé ọkàn ní ìrísí. Ewì gbọ́dọ̀ wọ etí gbogbo ọmọ nítorí pé ewì ni. Kó ya àwòrán, ó dáa, àmọ́ kó yà á láti inú orí ara rẹ̀.

Ẹ má ko gbogbo èyí lé e lórí lọ́jọ́ kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé kékeré àti pépà òfìfo, kó ṣe méjèèjì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ná. Ẹ sọ fún un ṣáájú pé ọjọ́ àkọ́kọ́ máa korò. Á jókòó ti pépà, ìlà mẹ́ta á jáde, á ní ọ̀nà tòun tẹ́lẹ̀ dáa jù, torí nígbà yẹn òun kì í rí ohun tóun ò mọ̀. Ẹ fi nọ́ńbà tí mo kọ sókè yẹn hàn án, ti ìṣẹ́jú 5 àti ti ọ̀sẹ̀ kan. Ọmọ ọdún 14 lè fúnra rẹ̀ dán an wò: kó fi ọ̀nà tuntun ka orí kan, kó fi ti àtijọ́ ka òmíràn, kẹ́ ẹ bi í ní ìbéèrè lórí méjèèjì lẹ́yìn ọjọ́ méje.

Ẹ sì máa ṣọ́ ohun kan bó ṣe ń bá a lọ. Tó bá jẹ́ pé kíka gbólóhùn náà fúnra rẹ̀ ló ń pẹ́ ẹ, tó ń fo ìlà, tí ojú ń ro ó, tàbí tí iṣẹ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ìdajì wákàtí ṣe ń gba wákàtí méjì lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá bí wọ́n ṣe ń kàwé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò, kẹ́ ẹ sì lọ rí olùkọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìwé kékeré yẹn lọ́wọ́, kó lè rí iṣẹ́ tí wọ́n fún un àti iye àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà.